Oògùn Màmá

Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ tí ọmọ lè fi bẹ àgbà pé kó tọ̀ sínú ìgò fún òun. Falilatou wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Kàlàví, níbi tó ti ń kàwé, títí dé Kétu nínú ọkọ̀, ó tún wá a lẹ́yìn alùpùpù akérò zẹ́mì láti Kétu dé Idigny, pẹ̀lú àpótí tó ń mú nǹkan tutù lórí itan rẹ̀ àti eruku pupa ní gbogbo ojú rẹ̀, kò rí i. Nígbà tó délé, tó ti kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, tó sì ti mu omi tán, ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ìtọ̀ ta?" Latifou bi í. Latifou ni àbúrò bàbá rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yin àgbàdo.

"Ìtọ̀ yín, Bàbá Kékeré. Tiyín àti ti gbogbo ilé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Ọdún mélòó lo ti lò ní ilé ìwé ńlá yẹn báyìí?"

"Ọdún mẹ́jọ."

"Ọdún mẹ́jọ," Latifou sọ fún àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ó wá di ẹni tó ń gba ìtọ̀ kiri."

Ìyá Sùlè ló gba Falilatou sílẹ̀. Ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ yíjú padà. "Fún ọmọ ní ohun tó béèrè, jàre. Àbí o rò pé wúrà wà nínú tìẹ?" Bí Ìyá Sùlè bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Latifou rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ìgò wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ojú òun títí òun yóò fi dá a padà.

Ìyá Sùlè ni ìyáálé. Bàbá Falilatou ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, kò sì sí èyí tó kó ẹrù rẹ̀ lọ síbì kankan. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé náà, ọ̀dọ̀ ìyàwó yòówù kí wọ́n ti jáde, Màmá ni wọ́n ń pe Ìyá Sùlè. Ìyá tó bí Falilatou gan-an ńkọ́? Dàda ni Falilatou ń pè é, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bá a lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí èyí bá rú lójú, kó lọ gbé inú ilé olórogún fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní í rú u lójú mọ́.

Dàda ló ń ṣàìsàn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí lára ìka kejì bíi ti ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà, bẹ́ẹ̀ kò sì sí tẹ̀sùbáà kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ sì le gbagidi, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ń bínú. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí Falilatou ti mú un lọ sí Kútọnu, lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ọpọlọ. Dókítà ní kí ó dìde, kí ó jókòó, kí ó ya àwòrán kan sórí ìwé, ó sì ní àìsàn yìí ní orúkọ. Ó ní nǹkan kan wà tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, dopamini ni wọ́n ń pè é, tirẹ̀ ti ń gbẹ. Oògùn wà tí yóò máa dí àlàfo rẹ̀. Ó fún un ní díẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Falilatou máa ra ìyókù ránṣẹ́.

Falilatou ń rà á ránṣẹ́. Kò fo oṣù kan rí. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá pe ilé, ohun tó ń gbọ́ ni pé ara Dàda kò yí padà, tàbí pé ó burú sí i. Ó sọ fún dókítà. Ìyẹn ní kí ó mú ìyá rẹ̀ padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní bí oògùn yìí kò bá ràn án rárá, a jẹ́ pé àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ ni, ìyẹn kì í sì í gbọ́ oògùn. Ó ní òun yóò dá oògùn náà dúró, kò sì sí ohun mìíràn tí òun ní lọ́wọ́.

Ohun tó gbé Falilatou wá sí Idigny nìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀, kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé, bóyá oògùn náà tilẹ̀ ń wọ ara ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Crépin, nípa kẹ́mísírì, ni ó fi bojú. Ó sọ fún wọn nílé pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, kò sì purọ́ tán.

Ẹ̀rọ tó gbé wá kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ. Orí igi èédú tín-ín-rín kan ni gbogbo agbára rẹ̀ wà, tí Falilatou ti fi amọ̀ tó kúnná bí lẹ́búlẹ́bú ra lórí. Yóò po ìtọ̀ mọ́ omi oníyọ̀, yóò ti igi náà bọ̀ ọ́, yóò sì rán iná tí kò tó ti bàtírì rédíò gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná náà bá kan dopamini, dopamini yóò ju díẹ̀ nínú iná ti ara rẹ̀ sílẹ̀, tẹlifóònù tó so mọ́ ẹ̀rọ náà yóò sì fi ìlà ya òkè kan. Bí dopamini bá pọ̀, òkè á ga. Bí kò bá pọ̀, òkè á kéré. Ọdún mẹ́rin ni Falilatou fi kọ́ bó ṣe lè sọ gbólóhùn méjèèjì yìí láìpurọ́.

Oògùn tí Dàda ń lò, inú ara ni ó ti ń di dopamini. Èyí tí ara kò lò á bá ìtọ̀ jáde. Nítorí náà òkè Dàda gbọ́dọ̀ ga. Màmá àti Latifou tí wọn kò lo oògùn kankan, tiwọn gbọ́dọ̀ kéré, wọ́n kàn wà níbẹ̀ fún ìfiwéra ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgò padà wá. Latifou dì tirẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Màmá gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ gba àárín àgbàlá kọjá, ó ń kí àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí i padà. Dàda pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ìgò náà ti tutù lára nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè dé e dáadáa. Falilatou gbà á, ó nù ún.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Òkè Latifou kò ga ju ebè tí òjò ti wó lọ. Ó dára. Ó fọ igi èédú náà, ó ti i bọ ti Dàda. Òkè kékeré kan yọ, ó fi díẹ̀ ga ju ti Latifou lọ, kò ju bẹ́ẹ̀. Ó fọ igi náà, ó ti i bọ ti Màmá, òkè tó yọ lójú tẹlifóònù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé òun ti pààrọ̀ ìgò. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ sára wọn, Màmá sì gbé tirẹ̀ wá lójú gbogbo ayé. Ó gbo igi èédú náà mọ́ ìwé títí tó fi ń dán, ó tún fi amọ̀ ra á lórí, ó dúró kí ó gbẹ, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni.

Ó wá rò ó pé ọsàn ni. Àsìkò ọsàn ni, kò sì sí ẹni tí kò jẹ ẹ́ nínú ilé náà. Ohun kíkan tó wà nínú ọsàn máa ń ju iná sílẹ̀ níbi tí dopamini ń ju tirẹ̀ sí gan-an, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé jẹ. Nítorí rẹ̀ ni amọ̀ fi wà lórí èédú: amọ̀ á fa dopamini mọ́ra, á lé ti ọsàn sẹ́yìn. Bóyá amọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọsàn ni, Latifou ni òkè rẹ̀ ì bá ga jù lọ. Èèpo tó wà níwájú yàrá rẹ̀ tó bọ́ ẹran.

Ó ku mukuná. Mukuná ni ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbìn sí ilẹ̀ tó ti gbó kí ẹ̀kan lè kú, kí ilẹ̀ sì lè jí. Oògùn tí Dàda ń lò wà nínú hóró rẹ̀ láti ọwọ́ Ọlọ́run wá. Ó jáde lọ bá Màmá.

"Màmá, ẹ dákun, ṣé ẹ jẹ mukuná láìpẹ́ yìí?"

"Mukuná wo?"

"Èyí tí wọ́n ń gbìn sóko, tó ń pa ẹ̀kan."

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ ni mo jọ lójú rẹ ni?"

Latifou tó ti ti oko dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ pe Màmá wá jẹun, a ní kí wọ́n gbé mukuná wá fún un.

Ní ọjọ́ kẹta Falilatou tún gba ìgò, ó tún wò ó, kò sí ohun tó yí padà. Kò wá ku ọ̀nà mìíràn mọ́. Ẹ̀rọ náà kò ṣàṣìṣe, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ ọ̀run tó lè gbé irú òkè bẹ́ẹ̀ dìde nínú ara Màmá, bí kò ṣe oògùn Dàda.

Inú bí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Kàlàví kò ní í gbà gbọ́ pé òun ni, nítorí pé ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni níbẹ̀, a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgò tó bá já bọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọmọ ìyàwó kékeré máa ń kó pa mọ́ sínú láti kékeré ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà: orí ẹja tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n fún Sùlè ní àárín, aṣọ Iléyá tó jẹ́ pé Màmá ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ohun gbogbo tó wọlé tó jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó rí i báyìí, ó dá a lójú. Wọ́n ń jẹ oògùn ìyá òun mọ́ ọn lójú.

Dàda wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Iṣẹ́ náà ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dàda, ta ló ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó."

"Ẹ̀rọ mi ní ẹ kì í lò ó tó."

"Ẹ̀rọ rẹ ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ṣé Màmá ló ń jí i lò ni?"

Dàda gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tó le gbagidi kò lè fi ìbínú hàn, ohùn rẹ̀ ló ṣe é. "Falilatou! N kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́ nínú ilé yìí. Ìwọ lo fún un."

"Èmi?"

"Kí lo ní kí Bienvenu sọ nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá?"

Falilatou rántí. Bienvenu ni awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà Kútọnu láti Kétu, ọmọ Idigny ni. Ọjọ́ náà, ariwo ọkọ̀ gba gbogbo ibùdókọ̀, òjò ń bọ̀, Bienvenu ti ń tẹ fèrè. Falilatou na ọ̀rá náà sí i lójú fèrèsé, oògùn àti búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Oògùn Màmá ni. Fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́."

Oògùn Màmá. Ní Kàlàví, níwájú dókítà, níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ Faransé, kò sí bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Dàda fún ènìyàn. Màmá ni ó ń pe ìyá rẹ̀ níbẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń pe ìyá wọn, ó sì ti mọ́ ọn lẹ́nu. Bienvenu kò mọ ti Kàlàví. Ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Màmá nínú ilé náà, ó sì fi oògùn lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì jíṣẹ́ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ibi tó kọ́kọ́ gbé e fún náà ló ń gbé e fún.

"O kò sí níbẹ̀," Dàda sọ. "Màmá yín gbé e káàkiri àdúgbò. Ó ń sọ fún wọn pé, ẹ wo ohun tí ọmọ orogún mi fi ránṣẹ́ sí mi. Sùlè tó bí wà lẹ́yìn odi ní Libreville, ìwọ náà mọ ìgbà tó ti pè kẹ́yìn. Ṣé èmi ni kí n wá jáde láàárín wọn, kí n sọ pé tèmi ni?"

"Ẹ̀yin ni ara ń gbọ̀n, Dàda."

"Èyí tí dókítà fún mi lọ́wọ́ tán. Màmá yín rí i pé ó tán. Ó ní, Ìyá Falilatou, wá gbà nínú tèmi. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń fún mi ní hóró kan, òun ń lo méjì tó kù lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kò gbàgbé rí. Lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́ jí, á wá kan ilẹ̀kùn mi."

Falilatou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Dókítà fẹ́ dá oògùn náà dúró. Ó rò pé kò ràn yín."

Ìyá rẹ̀ mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún mú un.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti oṣù mẹ́jọ?"

"Mo mọ̀ pé wàá lọ sọ fún Màmá yín."

Òótọ́ ni, nítorí pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Falilatou lọ sọ fún un. Màmá jókòó síwájú yàrá rẹ̀, ó ń tú etí ìborùn tó di oògùn sí. Falilatou kúnlẹ̀, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìgò, òkè, Bienvenu, dókítà. Ó rò ó kedere, bí ìgbà tó ń rò ó fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Crépin. Ìbínú ti kúrò nínú rẹ̀, ó sì rò pé bí kò ti bínú mọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní í dun ẹnikẹ́ni.

Màmá gbọ́ ọ tán.

"Kí oògùn yẹn tó dé," ó sọ, "ọwọ́ òsì mi ti ń gbọ̀n. Kò tó ti ìyá rẹ, àmọ́ ó ń gbọ̀n. Mò ń fi í sábẹ́ aṣọ. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, mo máa ń jókòó lé e. Kò sí ẹni tó rí i nínú ilé yìí. Nígbà tí Bienvenu wá sọ pé Falilatou ní oògùn Màmá nìyí, mo ní, há! Ọmọ yìí rí mi nígbà Iléyá. Ó rí mi, kò dójú tì mí láàárín èrò, ó lọ wá oògùn." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé o kò rí i ni?"

Irọ́ kékeré kan wà ní àrọ́wọ́tó níbẹ̀ tí ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò kàwé ì bá ti pa á kíákíá, kó sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu Falilatou kò tètè yí síbẹ̀.

"N kò rí i, Màmá. Ẹ̀rọ ló fi hàn mí pé ẹ ń lo oògùn."

"Ẹ̀rọ," Màmá sọ.

Ó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Falilatou kọjá bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó lọ bá Dàda ní yàrá rẹ̀, ó sì kó gbogbo oògùn tó kù lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìborùn tó dì í sí. Ó ní, "Ìyá Falilatou, má bínú. N kò mọ̀ pé nǹkan rẹ ni mò ń jẹ." Dàda bú sẹ́kún. Falilatou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún Màmá pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá dúró lójijì, pé kí ó jẹ́ kí òun mú un lọ rí dókítà, pé bóyá àìsàn kan náà ni. Màmá ní òun kò pe dókítà kankan. Ó ní kí Falilatou lọ jẹun kí ọkọ̀ tó lọ.

Láti ọjọ́ náà Dàda ń lo oògùn rẹ̀ pé. Kí oṣù tó parí, ìka rẹ̀ ti ń sinmi, ó ń gbé ẹsẹ̀, ó sì ti lè dé ìgò. Dókítà ní Kútọnu ní kí ó dìde, kí ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò dá nǹkan kan dúró mọ́. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n Crépin náà dùn. Ó ní òkè tí ẹnikẹ́ni kò retí yẹn ni ẹ̀rí tó dára jù pé ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́. Ó fi í síwájú nínú ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde, ó pe Màmá ní "ẹni kẹta". Falilatou kà á, kò rí ohun tó lè bá a wí nínú rẹ̀.

Ohun tó ń gbọ́ láti ilé kò dára bẹ́ẹ̀. Dàda ní Màmá kì í pín ẹran mọ́, Latifou ló ń pín in, kò sì mọ̀ ọ́n pín. Ó ní inú yàrá ni Màmá ti ń jẹun báyìí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ó ní òun fún un nínú oògùn òun, ó kọ̀, ó ní èyí tí òun ti jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó. Falilatou fi iṣẹ́ rán Bienvenu sí i pé kó wá rí dókítà, ó sì pe Ìyá Sùlè ní Ìyá Sùlè lọ́tẹ̀ yìí, kí àṣìṣe má bàa sí. Bienvenu ní Màmá béèrè lọ́wọ́ òun pé láti ìgbà wo ni òun ti di Ìyá Sùlè lẹ́nu ọmọ yẹn.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, Falilatou wá sílé. Kò gbé ẹ̀rọ dání. Latifou béèrè pé ṣé ìtọ̀ ti tán ní ayé ni. Falilatou ń bá wọn pọn omi, ó ń bá wọn ya àgbàdo lóko, ó sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá nírọ̀lẹ́. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ aṣọ, gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, gbogbo ilé sì ń wo ibòmíràn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. A kì í nàka sí ara àgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n ń ṣe gàrí. Dàda ń yan án, Latifou ń kó igi, kò sì sí ẹni tó máa sẹ́ ẹ. Màmá fa asẹ́ mọ́ra láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ènìyàn kò lè fi ọwọ́ kan sẹ́ gàrí, nítorí náà ó yọ ọwọ́ òsì jáde. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n débi tí asẹ́ fi ń lu etí ọpọ́n. Gàrí ń dà sí ìhín, ó ń dà sí ọ̀hún, ó ń dà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Latifou bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi tí kò ní ìdí tó fi ń kà á. Dàda tẹ ojú mọ́ ìkòkò.

Falilatou wo ọwọ́ náà. Ó wò ó títí, kò gbé ojú kúrò. Àwọn ìka rẹ̀ gùn ju bó ṣe rò lọ, àpá iná àtijọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, àtàǹpàkò ń yí lára ìka kejì.

"Màmá," ó sọ, "ọwọ́ òsì yín ń gbọ̀n."

Latifou ju igi sílẹ̀. "Ṣé orí rẹ pé?" ó sọ lábẹ́ èémí.

Màmá dá asẹ́ dúró. "O rí i?"

"Mo rí i."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi, Màmá."

Màmá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ náà, tòun ti gàrí tó wà lára rẹ̀, ó gbé e lé Falilatou lórí itan, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó máa gbọ̀n.

"Ó ti ń yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi," ó sọ. "Ó ń yọ mí lẹ́nu gan-an ni. Ṣé Bienvenu ń lọ sí Kútọnu lọ́la?"